Orúkọ Télọ̀ ni Mo Fi Gba Oògùn

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ò tíì wọnú egungun ẹ? Èmi wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń bínú sí ẹ. Lẹ́tà tó o kọ kẹ́yìn ò kún ojú ìwé kan, ìdajì ẹ̀ lo sì fi sọ̀rọ̀ òjò. Ṣé òjò ni mo bí ni?

Má tún sọ fún mi pé kí n lọ dúró ti tẹlifóònù nílé ìfìwéránṣẹ́. Etí mi ti di, àfi kéèyàn tẹ̀ wá síbi etí ọ̀tún kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ariwo lásán ni mo gbọ́, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi sì ń wò mí bíi wèrè. Kọ ọ́ sínú ìwé. Máa fi ránṣẹ́ sí ìsọ̀ Màmá Oníbọ́tìnnì bó o ṣe ń ṣe, torí ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í sọdá títì wá sọ́dọ̀ wa. Ó ṣì rò pé ẹ̀tẹ̀ á ran òun. Bàbá tó bí bàbá mi ló ní àrùn yẹn, wọ́n sì ti wò ó sàn kí wọ́n tó bí bàbá mi, síbẹ̀ "àdúgbò adẹ́tẹ̀" ni wọ́n ń pe ibi tí à ń gbé títí dòní.

Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, orí sì ń fọ́ mi. Kí ọdún tó yí, mo lọ sí ọsibítù. O mọ bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé oògùn, níbi tí wọ́n ń kó àwa ará ìhín sí. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ti fèrèsé. Nọ́ọ̀sì tó wá rí mi nírọ̀lẹ́ ò fi ọwọ́ gbé oògùn fún mi. Rúlà tí wọ́n fi ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ èèyàn ló fi tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì. Ó ṣe mí bíi kí n bi í léèrè bóyá wọ́n ti gún rúlà náà lábẹ́rẹ́ àjẹsára.

Gbọ́ ohun tí bàbá ẹ wá ṣe. O rántí Télọ̀, ọ̀rẹ́ mi, ọkọ Oníbọ́tìnnì, tí ilé wọn wà lódìkejì títì lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lókèèrè ló kú sí, ọsibítù ò gbọ́, fáìlì ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ gbà fún mi. Mo wọ ẹ̀wù tó mọ́, mo lọ, mo ní èmi ni Télọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, àga ni wọ́n fún mi, àga tó ní ìfẹ̀yìntì. Nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n rọra. Dókítà tuntun ni wọ́n ní. Kò gbójú sókè nínú fáìlì tó fi sọ pé, "Bàbá, ẹ pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó padà wá. Ṣé oògùn yín ti tán ni?" Mo ní ó ti tán. Ó kọ òmíràn, wọ́n sì fún mi, oògùn funfun kéékèèké.

Má fojú burúkú wò mí. Èmi nìkan kọ́. Bíríkìlà tó múlé tì wá, orúkọ àna ọ̀gá ẹ̀ ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyàwó ẹ̀ tó lóyún náà ní orúkọ tó yá. Kí la fẹ́ ṣe? Télọ̀ ti lọ, kò ní lo tiẹ̀ mọ́.

Bá mi wá jígí ojú tí wọ́n fi ń kàwé. Èyí tí mo ní, ojú kan ló kù lára ẹ̀. Ìgbà wo lo tiẹ̀ ń bọ̀ wálé?

Èmi ni bàbá ẹ,
Káfíńtà.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mi ò mọ̀ bóyá àárọ̀ ni lẹ́tà yìí máa bá yín tàbí ọ̀sán, torí náà mo kúnlẹ̀ fún méjèèjì. Ẹ kú ara líle. Ẹ má bínú nípa ọ̀rọ̀ òjò. Ó ń rẹ̀ mí nígbà tí mo kọ ọ́ ni.

Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Télọ̀ yín. Mo kà á tán, mo tún un kà, ẹ̀rín ò wá wá mọ́. Bàbá mi ní láti di ẹlòmíì kí wọ́n tó fún un ní àga. Inú bí mi débi pé ife fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi iṣẹ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mò ń wẹ àwọn arúgbó, mò ń bọ́ wọn, mò ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Ìyá àgbà kan wà níbí tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọ̀ mi á ran òun. Síísítà tó jẹ́ ọ̀gá wa jókòó tì í, ó ní, "Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ẹ ò fẹ́ tèmi náà nìyẹn, iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe." Ó pẹ́ kó tó gbà. Síísítà yìí kì í jẹ́ ká gbé oògùn fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ pe orúkọ ẹni náà ká sì bi í pé kí ló ń ṣe é lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti mọ̀ ọ́n láti ọdún tó kọjá. Mo máa ń rò ó pé ká ní irú ẹ̀ wà nílé ni.

Bàbá, mo fẹ́ bẹ̀ yín lóhun kan. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń lo oògùn lónìí kẹ́ ẹ gbàgbé lọ́la, kẹ́ ẹ sì ní ó ti tó. Ní báyìí tí wọ́n ti wá fún yín ní ohun tó dáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Ẹ máa lò ó láràárọ̀. Ṣé ti orúnkún ni, àbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ kọ orúkọ tó wà lára páálí ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Jígí ojú wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ní ti ìgbà tí mò ń bọ̀, ìwé àṣẹ ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibí. Tí mo bá jáde báyìí, mi ò ní lè wọlé mọ́.

Ọmọ yín,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú àwọn bàbá oníbàbá. Jígí dé. Mo fi í sójú, mo sì rí gbogbo ìdọ̀tí tó wà nínú ilé yìí. Inú mi ò dùn sí i, àmọ́ o ṣé.

Mo gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Láràárọ̀, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ti gbé oògùn mì. Nígbà tí mo padà lọ, dókítà ní kí n sọ ọ́ di méjì, torí mo ti pẹ́ láìlò ó. Ó ní kí n jìnnà sí ohun dídùn, kí n sì dín oúnjẹ kù. Mo ti yọ ṣúgà kúrò nínú tíì mi, mo sì ti fi búrẹ́dì àárọ̀ sílẹ̀. O ò ní lè sọ pé olórí kunkun ni mí mọ́. Orúkọ ara páálí tó o ní kí n kọ, páálí ò sí, inú bébà ni wọ́n ń dì í sí fún wa.

Àmọ́ ogbó ti dé, ọmọ mi. Láàárọ̀ kùtù tí oòrùn ò tíì yọ, òógùn tútù á bò mí bíi pé wọ́n da omi lé mi lórí. Ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Wo bí ìlà ìwé yìí ṣe ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Èmi tí mo máa ń fojú lásán gé pákó tó sì ń tọ́! Lọ́jọ́ kan báyìí, mo bá ara mi láàárín títì pẹ̀lú ṣísẹ́lì lọ́wọ́, ọkọ̀ ń fun fèrè lé mi lórí, mi ò sì mọ ibi tí mò ń lọ. Oníbọ́tìnnì ló fà mí wọ ìsọ̀ ẹ̀. Ó ní orúkọ ìyá ẹ ni mo ń pe òun, ìyá ẹ tó ti kú látìgbà tó o wà ní kékeré. Ojú tì mí.

Mi ò sọ fún nọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Télọ̀ ti ń ya wèrè, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣé báyìí ló ń ṣe àwọn arúgbó tó wà lọ́dọ̀ ẹ? Ẹ̀rù ti ń bà mí láti jí láàárọ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́.

Bàbá ẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, àmọ́ mi ò ní kí yín pẹ́. Oògùn yẹn, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má lò ó rárá. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń ka lẹ́tà yìí, ẹ bu ṣúgà sínú omi kẹ́ ẹ mu ún, kẹ́ ẹ sì jẹun.

Àyà mi já nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Àwọn arúgbó ibí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ torí ogbó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn, ìyá àgbà tó ní àtọ̀gbẹ ni, nígbà tó bá lo oògùn ẹ̀ tí kò jẹun. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, á máa pe èèyàn lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Tíì tó ní ṣúgà la máa ń sáré gbé fún un. Síísítà ní tá ò bá tètè rí i, á sùn, kò sì ní jí.

Bàbá, mo rántí Télọ̀. Tó bá wá sílé wa, kì í gba ṣúgà sínú tíì. Ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Ẹ̀yin ò ní i. Oògùn Télọ̀ lẹ̀ ń lò, ó ń fa ṣúgà jáde lára yín títí ọpọlọ yín ò fi rí nǹkan kan jẹ, èmi ọmọ yín ló sì ní kẹ́ ẹ máa lò ó láràárọ̀. Mi ò lè sùn tí mo bá rò ó.

Mo ti tẹ wáyà ránṣẹ́ sí ìsọ̀ Màmá Oníbọ́tìnnì, torí lẹ́tà á pẹ́. Màá kọ̀wé sí Mátírọ̀ǹ ọsibítù yẹn pẹ̀lú. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí èèyàn fi ní láti ya orúkọ òkú kí wọ́n tó gbé àga fún un.

Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹrin

Pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Wáyà ẹ dé. Lẹ́tà ò tíì dé. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló kà á sókè fún Oníbọ́tìnnì, níwájú gbogbo èèyàn tó tò: "Kí Bàbá má lo oògùn Télọ̀ mọ́. Mo ń kọ̀wé sí Mátírọ̀ǹ." O kú iṣẹ́. Gbogbo ìlú ti gbọ́ àṣírí wa, ó kù kí wọ́n lù ú lágogo.

Mo bẹ̀ ẹ́, má kọ̀wé sí obìnrin yẹn. Tó bá mọ̀, gbogbo fáìlì ni wọ́n máa tú. Oyún ìyàwó Bíríkìlà ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ti fún un ní bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù iwájú títí á fi bímọ. Ṣé o fẹ́ kó bímọ sórí bẹ́ǹṣì ni? Ibi tí ìwọ wà, èèyàn lè bínú kó sì kọ̀wé. Níbí, àwa la máa jìyà ẹ̀.

Mo fi oògùn náà sílẹ̀ díẹ̀, ara mi sì yá. Mo wá rò ó pé bóyá ara mi yá torí pé mo ti lò ó tẹ́lẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì náà bi mí bóyá mò ń lò ó, mi ò sì lè wo ojú ẹ̀ kí n purọ́. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú. Tí oògùn náà ò bá dáa, ṣé wọ́n á máa fi ẹ̀rín gbé e fún mi? Torí náà mò ń fi ṣísẹ́lì gé e sí méjì. Ìdajì ni mò ń lò báyìí. Ìdajì ò lè pa èèyàn.

Òtútù ń mú mi. Ìbọ̀sẹ̀ tó o fi ránṣẹ́ dáa gan-an ni. Tàbí o ò tíì fi ránṣẹ́. Bá mi kí ìyá ẹ, sọ fún un pé mo ti tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣe, kó yéé sùn sílẹ̀. Má kọ̀wé sí obìnrin yẹn. Òtútù ń mú mi.

Èmi ni,
Télọ̀.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Màmá Oníbọ́tìnnì mi,

Mo kí yín, mo sì dúpẹ́ fún gbogbo lẹ́tà wa tẹ́ ẹ̀ ń gbà. Ẹ kú wàhálà bàbá mi.

Mo gba lẹ́tà kan láti ọwọ́ wọn, orúkọ ọkọ yín ni wọ́n fi parí ẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n kí ìyá mi. Mo di lẹ́tà náà mú ní yàrá ìfọṣọ níbi iṣẹ́, mo sunkún títí Síísítà fi wá mi kàn.

Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ wọ ilé wọn, ẹ kó gbogbo oògùn yẹn kúrò, bí wọ́n bá tiẹ̀ pariwo. Ìdajì náà lè pa wọ́n, torí wọn ò jẹun. Ẹ rí i pé wọ́n jẹun láàárọ̀. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń làágùn tàbí wọ́n ń ṣìsọ, ṣúgà ni kẹ́ ẹ sáré fún wọn. Tí wọ́n bá ti sùn tí wọn ò jí, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù kẹ́ ẹ sọ òtítọ́.

Lẹ́tà tí mo kọ sí Mátírọ̀ǹ wà nínú báàgì mi. Mo ti lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ àpótí lẹ́tà kọjá, mi ò sì lè jù ú sínú ẹ̀, nítorí ìyàwó Bíríkìlà. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Kó o tó ka èyí tó kù: bàbá ẹ ń mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kí ẹ, mi ò ní lè kí ẹ bó ṣe yẹ.

Láàárọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ ọsibítù kan wọ ìsọ̀ mi, ó ní, "Ìyá, ẹ wá, ọkọ yín ṣubú lẹ́nu géètì wa." Ọkọ mi ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Mo ti ìsọ̀ láì kó bọ́tìnnì tí mo pàtẹ wọlé, mo tẹ̀ lé e.

Wọ́ọ̀dù iwájú ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lórí aṣọ funfun. Kò mọ̀ mí. Òógùn ti rin ẹ̀wù ẹ̀ gbindin. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn ẹ̀ yẹn di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní, "Ìyàwó Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Bóyá kò lo oògùn ẹ̀ dáadáa ni ṣúgà ẹ̀ fi ga. Dókítà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, á gún un ní abẹ́rẹ́ tó lágbára ju oògùn ẹ̀ lọ." Mo ní ẹ ṣé.

Èmi nìyí ní kọ́ríd​ọ̀, mo ń fi bébà tí wọ́n fi di òwú kọ̀wé sí ẹ. Mo rántí wáyà ẹ. Tí mo bá sọ pé kì í ṣe ọkọ mi, wọ́n á gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àwọn ará àdúgbò yín sí, níbi tí nọ́ọ̀sì kì í kọjá àfi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyàwó Bíríkìlà wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta sí i, ó ń wò mí, ó ń fi orí bẹ̀ mí pé kí n má sọ̀rọ̀. Tí mo bá sì dákẹ́, inú rere ni wọ́n máa fi pa á.

Mo mọ̀ pé èsì ẹ ò lè bá ìrọ̀lẹ́ òní. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan mọ ohun tó wà lọ́rùn mi ni. Wọ́n ti ń pe ìyàwó Télọ̀. Dókítà ti tètè dé. Mò ń lọ.

Oníbọ́tìnnì.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Lẹ́tà yín dé lónìí. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ti kọjá tipẹ́, ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ ti sọ ọ́, èmi ò sì mọ̀ ọ́n. Mo wà láàárín yàrá, mò ń bọ́ bàbá oníbàbá, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní tèmi.

Mo ti ju lẹ́tà Mátírọ̀ǹ sínú àpótí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará àdúgbò wa, bẹ́ǹṣì yẹn ló kọ́ wọn ní irọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú jókòó níbi tó bá rí àga. Bóyá mo ṣe dáadáa, bóyá mo ti ba ti gbogbo yín jẹ́, mi ò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún wọn?

Pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ó ti là á já. Má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé; lẹ́tà tó o fi bẹ̀ mí pé kí n kó oògùn kúrò dé lẹ́yìn tó ti ṣubú. Èmi ni mo sùn tì í ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn títí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé, torí kò sí ẹlòmíì.

Dókítà ti fa abẹ́rẹ́ sókè nígbà tí mo sọ ọ́. Mo ní, "Ọkọ mi ti kú. Káfíńtà lèyí, ó ń gbé lódìkejì títì, kò ní àtọ̀gbẹ rí láyé ẹ̀." Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ ẹ̀ mú jù ú sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́. Mo rí i. Àmọ́ dókítà sáré, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ju abẹ́rẹ́ yẹn sọnù, ó ní kí wọ́n gbé omi ṣúgà wá, ó gún un sí iṣan fúnra ẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí bàbá ẹ fi lajú, ó sì bi mí pé ta ló ń ṣọ́ ìsọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé e lọ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí ìyàwó Bíríkìlà náà kó ẹrù ẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ni, ó fi ọwọ́ gbá ikùn ẹ̀ mú.

Dókítà yẹn tẹ̀ lé wa dé ẹ̀yìn, ó wọn ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ, ó sì mi orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ni àìsàn ẹ̀, ó sì ti ga débi tó ń ba òun lẹ́rù pé ó lè fa rọpárọsẹ̀ nígbàkigbà. Gbogbo ìgbà tó ń gbé oògùn ọkọ mi mì, kò sí ẹni tó ń tọ́jú tiẹ̀. Ó ní kó tètè padà wá gba oògùn, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì fún un lórúkọ ara ẹ̀ kóun tó lè kọ ọ́. Àtìgbà yẹn la ti ń lọ tí à ń bọ̀. Wọ́n ní ká dúró de Mátírọ̀ǹ.

Oníbọ́tìnnì.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà
Ọsibítù, gbọ̀ngàn iwájú

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọpọlọ mi ti padà sípò, orí nìkan ló ń fọ́ mi láti ìjẹta. Mo mọ ẹni tí mo jẹ́, mo mọ̀ pé ìyá ẹ ti kú, mo sì mọ̀ pé o kọ̀wé sí Mátírọ̀ǹ. Mo bínú débi pé mo ju bàtà lu ògiri. Ó ti tán nínú mi. Ohun tó o kọ yẹn, èmi ló yẹ kí n ti kọ ọ́, mi ò lẹ́mìí ẹ̀ ni.

Lẹ́tà ẹ dé ọwọ́ Mátírọ̀ǹ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó gàgàrà kan: "Gbogbo aláìsàn dọ́gba níbí." Ó sì fi akọ̀wé kan sẹ́nu géètì tó ń bi oníkálukú ní àdúgbò ẹ̀. Bẹ́ǹṣì ò kúrò níbi tó wà. Àwọn èèyàn wa ti padà sórí ẹ̀, Bíríkìlà kì í sì í kí mi mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ní ilé lòun máa bí ọmọ òun sí.

Mo wá láàárọ̀ yìí pẹ̀lú Oníbọ́tìnnì. Mo sọ orúkọ mi fún akọ̀wé, mo sọ àdúgbò mi. Ó nawọ́ sẹ́yìn, síbi bẹ́ǹṣì. Mo nawọ́ sí pátákó wọn, mo sì lọ jókòó sórí àga iwájú. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ mi ò dìde.

Mo tún ti gbé ìwé yìí, mo ń kọ ọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì wá, ẹni tó máa ń di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo jẹ́ Télọ̀. Kò di í mú lónìí, àmọ́ ó tẹ̀ wá síbi etí ọ̀tún mi, ó ní, "Bàbá, mo ti rí bí ojú yín ṣe rí. Fáìlì Télọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá pè é, ẹ ṣáà dáhùn. Màá mú yín wọlé, dókítà á kọ oògùn tiyín sínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní bà á lórúkọ jẹ́.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pè é. Oníbọ́tìnnì gbá mi nígbọ̀nwọ́ pé kí n dìde. Ó tún pè é. Ọmọ mi, ó ṣe mí bíi kí n dìde. Inú yàrá yẹn tutù, dókítà yẹn dáa, orí sì ń fọ́ mi. Mo ní, "Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè ti kú. Ẹ pe èmi." Ó ní òun ò rí fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ mi. Mo ní kó ṣí i. Ó ní Mátírọ̀ǹ ló ń ṣí fáìlì, Mátírọ̀ǹ ò sì tíì dé. Ojú ẹ̀ pọ́n nígbà tó ń wọlé lọ.

Ọ̀sán ti ń lọ. Wọ́n ti pe gbogbo àwọn tí mo bá níbí, wọ́n sì ti ń pe àwọn tó dé lẹ́yìn mi. Oníbọ́tìnnì lọ bu omi wá fún mi. Ọwọ́ òsì mi ti ń ṣe mí bíi pé kì í ṣe tèmi, ìwé yìí ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀, mi ò sì lè dì í mú dáadáa. Màá sọ ti ọwọ́ yìí fún wọn tí wọ́n bá pè mí.